Ìpààrọ̀ Ibi Iṣẹ́ àti Másùnmáwo láàrin Àwọn Nọ́ọ̀sì: Àyẹ̀wò Iṣẹ́ Isabel Menzies

1. Ìfáárà

Ní ọdún 1960, Isabel Menzies, ọmọ ilẹ̀ Scotland tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Tavistock Institute ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà tí a ń pè ní Human Relations. Àpilẹ̀kọ náà dá lórí bí àwọn nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn ńlá kan ní Lọ́ńdọ̀nù ṣe ń ṣiṣẹ́, àti ìdí tí ọkàn wọn kò fi balẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ náà. Ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n ń kọ̀wé lórí másùnmáwo àwọn nọ́ọ̀sì ni wọ́n ṣì ń tọ́ka sí i títí di òní. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí á máa dárúkọ iṣẹ́, ọ̀tọ̀ ni kí á yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní. Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú bébà yìí ni èyí èkejì.

Ohun tí ó gbé wa dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí kò pamọ́. Kí ẹni tí ó kọ bébà yìí tó wá kàwé fún oyè ìjìnlẹ̀ kejì, nọ́ọ̀sì ni. Ọdún mẹ́rin ni ó fi ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba kan, wọ́ọ̀dù márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n sì gbé e kọjá láàrin ọdún mẹ́rin náà. Nítorí náà, kì í ṣe ojú òǹwòran lásán ni a fi ka iṣẹ́ Menzies. Àwọn ibì kan wà níbẹ̀ tí a kà tí ó dà bí ẹni pé òǹkọ̀wé náà ti bá wa jókòó ní wọ́ọ̀dù; àwọn ibì kan sì wà tí a kà tí a mi orí.

Ìbéèrè tí bébà yìí dìde láti dáhùn kò ju ẹyọ kan lọ: ṣé ìpààrọ̀ ibi iṣẹ́ ni ó ń fa másùnmáwo fún nọ́ọ̀sì, àbí òun ni ó ń dín in kù? Ìdáhùn Menzies ni pé a dá a sílẹ̀ kí ó lè dín in kù, ṣùgbọ́n ó wá ń fà á. Èrò tiwa ni pé òótọ́ ni Menzies rí, ṣùgbọ́n ó fi ìdí ọ̀rọ̀ náà sí inú ọkàn nọ́ọ̀sì ju bí ó ti yẹ lọ. Ibi tí ó yẹ kí á wá a dé ni ọwọ́ ẹni tí ó di ìwé ìpínṣẹ́ mú.

2. Ìtumọ̀ Àwọn Ọ̀rọ̀ Tí A Ó Lò

Ọ̀rọ̀ méjì ni ó yẹ kí á là yé ara wa kí á tó tẹ̀ síwájú. Èkínní ni másùnmáwo. Ọ̀rọ̀ yìí ti wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn agbóhùnsáfẹ́fẹ́ àti nínú ìwé ìròyìn, ṣùgbọ́n ohun tí a ń fi í pè níhìn-ín kì í ṣe àárẹ̀ ara nìkan. Àárẹ̀ ara a máa lọ bí ènìyàn bá sùn. Másùnmáwo ni ìnira tí ń bá òṣìṣẹ́ dé ilé, tí í jókòó tì í nídìí oúnjẹ, tí í sì jí i lóru. Menzies fúnra rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí èyí. Àìbàlẹ̀-ọkàn ni ó tẹnu mọ́, èyíinì ni ìbẹ̀rù àti ìkáyàsókè tí iṣẹ́ ń gbìn sí ọkàn ẹni tí ń ṣe é. A ó máa ka àìbàlẹ̀-ọkàn sí gbòǹgbò, a ó sì máa ka másùnmáwo sí èso orí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kejì ni ìpààrọ̀ ibi iṣẹ́. Ní ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ, a máa ń gbé òṣìṣẹ́ láti ìdí ẹ̀rọ kan lọ sí ìdí òmíràn kí iṣẹ́ má baà sú u, kí iṣan kan náà má sì máa ru gbogbo ẹrù. Ní ilé ìwòsàn, oríṣi ìpààrọ̀ méjì ni ó wà. Ọ̀kan ni ìpààrọ̀ wọ́ọ̀dù: nọ́ọ̀sì tí ó wà ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé lónìí lè bá ara rẹ̀ ní wọ́ọ̀dù iṣẹ́ abẹ lóṣù tí ń bọ̀. Ọ́fíìsì àwọn ọ̀gá nọ́ọ̀sì ni ó ń kọ ìwé èyí. Èkejì ni ìpààrọ̀ àsìkò: iṣẹ́ àárọ̀, iṣẹ́ ọ̀sán àti iṣẹ́ alẹ́. Ọ̀gá wọ́ọ̀dù ni ó ń kọ èyí sínú ìwé ìpínṣẹ́ tí gbogbo nọ́ọ̀sì mọ̀ sí rósítà. Ó ṣe pàtàkì kí á ya oríṣi méjèèjì sọ́tọ̀, nítorí pé, gẹ́gẹ́ bí a ó ti rí i níwájú, ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ni Menzies kà sí.

3. Ohun Tí Menzies Sọ

Ilé ìwòsàn tí Menzies lọ jẹ́ ibi tí a ti ń kọ́ àwọn dókítà àti àwọn nọ́ọ̀sì níṣẹ́. Àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀ tó 700; nínú wọn, nǹkan bí 150 péré ni ó ti kọ́ṣẹ́ tán, akẹ́kọ̀ọ́ ni gbogbo àwọn yòókù. Àwọn tí ó ti kọ́ṣẹ́ tán wọ̀nyí ni ó ń ṣe alákòóso, olùkọ́ àti alábòójútó. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ń fi ọwọ́ ara wọn tọ́jú aláìsàn. Ìdí tí àwọn aláṣẹ fi ránṣẹ́ pe àwọn oníwàádìí ni pé wọn kò mọ bí wọ́n ṣe lè pín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sí wọ́ọ̀dù kí ẹ̀kọ́ wọn má baà jìyà, kí àwọn aláìsàn má sì ṣaláìrí olùtọ́jú. Ẹ jẹ́ kí á fi èyí sọ́kàn: ọ̀rọ̀ ìpààrọ̀ ibi iṣẹ́ gan-an ni ó gbé Menzies dé ilé ìwòsàn náà.

Menzies àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fọ̀rọ̀ wá àwọn nọ́ọ̀sì bí 70 lẹ́nu wò, wọ́n sì tún lọ wo iṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù. Ohun tí wọ́n rí ni pé àìbàlẹ̀-ọkàn pọ̀ ju ohun tí àwọn aláṣẹ tìtorí rẹ̀ pè wọ́n lọ. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni kì í parí ẹ̀kọ́ wọn, èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn ni ó sì ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ.

Kí ni ó fa èyí? Menzies bẹ̀rẹ̀ láti orí irú iṣẹ́ tí nọ́ọ̀sì ń ṣe. Iṣẹ́ náà ń mú un kan ìrora, ẹ̀jẹ̀, ìgbẹ́ àti ikú lójoojúmọ́. Àánú aláìsàn ń ṣe é, bẹ́ẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ a tún máa kọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe. Menzies gba ẹ̀kọ́ Melanie Klein gbọ́, pé irú nǹkan báyìí a máa jí àwọn ìbẹ̀rù tí ó ti wà nísàlẹ̀ ọkàn ènìyàn láti ìgbà ọmọ ọwọ́. Elliott Jaques sì ti sọ ṣáájú rẹ̀ ní 1955 pé àwọn òṣìṣẹ́ a máa fi ètò ilé iṣẹ́ wọn ṣe odi láti sá pamọ́ fún irú ìbẹ̀rù bẹ́ẹ̀. Menzies mú èrò méjèèjì pọ̀, ó sì wá ka odi tí àwọn nọ́ọ̀sì mọ yí ara wọn ká ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Odi kìíní ni pé a kì í fi aláìsàn kan lé nọ́ọ̀sì kan lọ́wọ́. A ń gé iṣẹ́ wẹ́lẹwẹ̀lẹ ni: ẹnì kan a máa wọn ìgbóná ara gbogbo wọ́ọ̀dù, ẹlòmíràn a máa tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹlòmíràn a máa gbé abọ́ ìtọ̀ kiri. Bí nọ́ọ̀sì kan bá ṣe ìwọ̀nba díẹ̀ fún ọgbọ̀n aláìsàn, kò ní mọ ọ̀kankan nínú wọn dé ìdí. Odi kejì ni pé a ń fi nọ́ńbà bẹ́ẹ̀dì tàbí orúkọ àrùn pe ènìyàn. Odi kẹta ni kí á máa gbé nọ́ọ̀sì láti wọ́ọ̀dù sí wọ́ọ̀dù, nígbà mìíràn láìsí ìkìlọ̀ tó nítumọ̀, kí ó má baà fẹ́ràn ẹnikẹ́ni jù. Menzies fi yé wa pé ìpààrọ̀ náà pọ̀ ju èyí tí ẹ̀kọ́ tàbí iṣẹ́ béèrè lọ. Ìgbàgbọ́ abẹ́nú tí ó gbé e dúró ni pé nọ́ọ̀sì kan kò yàtọ̀ sí nọ́ọ̀sì mìíràn, aláìsàn kan kò sì yàtọ̀ sí aláìsàn mìíràn. Ní àfikún, wọ́n sọ iṣẹ́ di ètùtù tí a kò gbọdọ̀ yí padà. Wọ́n ń yẹ iṣẹ́ wò ní àyẹ̀túnyẹ̀wò. Wọ́n sì ń ti ìpinnu tí ó yẹ kí ọmọdé ṣe sókè sọ́dọ̀ àgbà.

Àbájáde Menzies ni pé àwọn odi wọ̀nyí kò dá àìbàlẹ̀-ọkàn dúró. Wọ́n kàn ń ṣí nọ́ọ̀sì lójú kúrò lára rẹ̀ ni, wọ́n sì tún ń bí tuntun. Ẹni tí a ń gbé kiri láìròtẹ́lẹ̀ kì í yé bẹ̀rù ibi tí a ó tún gbé e sí lọ́la; kì í pẹ́ níbì kan tó láti mọ iṣẹ́ ibẹ̀; ọkàn rẹ̀ a sì máa dá a lẹ́bi pé kò tọ́jú aláìsàn bí ó ti fẹ́.

4. Ibi Tí Iṣẹ́ Náà Ti Fẹsẹ̀ Múlẹ̀

Ohun kìíní tí a gbọ́dọ̀ yìn lára Menzies ni pé kò bá nọ́ọ̀sì wí. Ní ayé ìgbà náà, bí nọ́ọ̀sì bá fi iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n a ní kò lágbára, tàbí kò ní ìpè. Menzies kọ èyí. Ó ní ètò iṣẹ́ ni kí á wò. Yorùbá ní adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ kí á mọ̀. Aṣọ funfun nọ́ọ̀sì, ìrìn kánkán àti ojú tí kò rẹ́rìn-ín ni ìyẹ́ tí Menzies ká kúrò kí á lè rí òógùn.

Ohun kejì ni pé ó fi hàn bí oògùn ṣe lè di àrùn. A ó sọ ìrírí kan láti fi gbè é lẹ́yìn. Nínú ọdún kejì wa lẹ́nu iṣẹ́, a wà ní wọ́ọ̀dù àwọn tí egungun wọn kán. Ìyá àgbàlagbà kan wà níbẹ̀ tí ó ti ń gbé wọ́ọ̀dù náà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. A mọ ẹ̀gbẹ́ tí ó lè fi sùn, a mọ orúkọ ọmọ rẹ̀ tí ó ń retí, a mọ̀ pé kò ní mu oògùn àfi bí a bá kọ́kọ́ kí i dáadáa. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, wọ́n fún wa ní ìwé pé ní ọjọ́ Ajé kí á wà ní wọ́ọ̀dù àwọn aboyún. Kò sí ẹni tí a fa ìyá náà lé lọ́wọ́, nítorí pé wọ́ọ̀dù ni a ń fà léni lọ́wọ́, a kì í fa ènìyàn. Nígbà tí a ráyè padà lọ wò ó lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá, ẹlòmíràn ni ó wà lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. A bi nọ́ọ̀sì tí a bá níbẹ̀ léèrè. Òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti wọ́ọ̀dù mìíràn ni. Ó ní, "Ti bẹ́ẹ̀dì wo?" Àwa náà kò sì rò ó lẹ́ẹ̀mejì kí á tó dáhùn pé, "Bẹ́ẹ̀dì kọkànlá." A kò mọ̀ títí di òní bóyá ilé ni ìyá náà lọ tàbí ibòmíràn. Ohun tí ó sì bà wá lẹ́rù jù ni pé, ní wọ́ọ̀dù tuntun, a kíyè sí i pé a kò bi àwọn aláìsàn ní orúkọ ọmọ wọn mọ́.

Nígbà tí a wá ka Menzies lẹ́yìn ọdún púpọ̀, a mọ orúkọ ohun tí ó ṣe wá. Kò sí ìwé kan tí a kà nígbà tí a ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tí ó sọ fún wa pé ẹni tí a gbé kúrò ní wọ́ọ̀dù lè ṣọ̀fọ̀. Ẹ̀bùn ńlá ni iṣẹ́ tí ó bá lè ṣe èyí fún òǹkàwé rẹ̀.

5. Àléébù Iṣẹ́ Náà

Síbẹ̀, àléébù mẹ́ta ni a rí, a ó sì tò wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Àléébù kìíní ni pé Menzies gbé owó àti iye òṣìṣẹ́ kalẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀, kò sì padà sídìí wọn mọ́ bí ó ti yẹ. Bí akẹ́kọ̀ọ́ 550 bá ń ṣe iṣẹ́ ọwọ́ ní ilé ìwòsàn kan, tí àwọn tí ó ti kọ́ṣẹ́ tán kò ju 150 lọ, a kò nílò ìmọ̀ ìtúpalẹ̀ èrò-inú kí á tó mọ̀ pé owó iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kéré sí ti ẹni tí ó ti kọ́ṣẹ́ tán. Ihò tí ó bá ṣí sílẹ̀ ní wọ́ọ̀dù kan ni a ń fi akẹ́kọ̀ọ́ dí. Ohun tí Menzies pè ní odi ọkàn, apá kan rẹ̀ jẹ́ ọgbọ́n àìlówó.

Ìtàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn náà lè ràn wá lọ́wọ́ láti dán èyí wò. Ní 1989, ètò tuntun kan tí wọ́n ń pè ní Project 2000 bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ètò náà yọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì kúrò nínú iye àwọn tí a gbójú lé fún iṣẹ́ wọ́ọ̀dù, ó sì sọ wọ́n di akẹ́kọ̀ọ́ tòótọ́. Bí odi náà bá jẹ́ ti ọkàn nìkan, ìpinnu ìjọba àti owó kò ní lè wó apá kan rẹ̀. A kò gbọdọ̀ rẹ́ Menzies jẹ ṣá o. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbèjà rẹ̀ lè sọ pé láti 1960 sí 1989, ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni, àti pé bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti owó nìkan, kò yẹ kí ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. A gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí a ń sọ ni pé àìbàlẹ̀-ọkàn àti àìlówó ni ó jọ mọ odi náà, Menzies sì fi ọ̀kan nínú àwọn ọ̀mọlé méjèèjì sílẹ̀ lórúkọ.

Àléébù kejì ni pé ìpààrọ̀ wọ́ọ̀dù gba ọkàn Menzies débi pé ìpààrọ̀ àsìkò kò rí àyè nínú àlàyé rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni ara ni ìpààrọ̀ àsìkò kọ́kọ́ ń bá jà kí ó tó kan ọkàn. Ní 2007, IARC, àjọ àgbáyé tí ń ṣe ìwádìí lórí àrùn jẹjẹrẹ, fi iṣẹ́ alẹ́ kún àwọn ohun tí ó ṣeé ṣe kí ó máa fa àrùn náà. Nígbà tí wọ́n tún yẹ̀ ẹ́ wò ní 2019, wọn kò yí ohùn padà. Nọ́ọ̀sì tí ó bá ṣe iṣẹ́ alẹ́ lọ́sẹ̀ yìí, tí ó ṣe iṣẹ́ àárọ̀ lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀, tí ó tún padà sí alẹ́, ara rẹ̀ kò ní mọ ìgbà tí ilẹ̀ mọ́. Kò sí odi ọkàn kankan nínú èyí. Aláìsùn ni ẹni náà. Bí a bá wá gbé ẹ̀kọ́ Klein dé ọ̀dọ̀ aláìsùn, a lè máa wá nínú ìgbà ọmọ ọwọ́ rẹ̀ ohun tí ó wà nínú rósítà ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá.

Àléébù kẹta ni ó wúwo jù. Menzies rí i pé a ń gbé nọ́ọ̀sì kiri láìròtẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kò fi ìbéèrè náà ṣe òpó iṣẹ́ rẹ̀: ta ni ó ní àṣẹ láti gbé e, ǹjẹ́ ẹni tí a ń gbé sì ní ẹnu níbẹ̀? Ní 1979, Robert Karasek, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, sọ ohun tí ó lè tan ìmọ́lẹ̀ sí èyí. Ó ní kì í ṣe iṣẹ́ púpọ̀ nìkan ni ó ń ba òṣìṣẹ́ jẹ́. Èyí tí ó burú jù ni kí iṣẹ́ pọ̀ kí àṣẹ tí òṣìṣẹ́ ní lórí rẹ̀ sì kéré. Bí a bá fi ojú yìí padà wo ilé ìwòsàn Menzies, ohun kan yóò hàn sí wa. Ìpààrọ̀ fúnra rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dunni bí ìpààrọ̀ tí a kò bi ẹni léèrè nípa rẹ̀.

Ìrírí tiwa gbe èyí. Láàrin ọdún mẹ́rin náà, a ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá wọ́ọ̀dù méjì tí ìwà wọn kò jọra. Ọ̀kan a máa lẹ rósítà mọ́ ara ògiri ní alẹ́ Sátidé fún iṣẹ́ ọjọ́ Àìkú. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ọmọ ń ṣàìsàn nílé, a ní kí ó lọ wá ẹni tí yóò bá a ṣe é. Èkejì, obìnrin kan tí gbogbo wa ń pè ní Mọ́mì, a máa gbé ìwé kékeré kan yí wa ká ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Yóò bi oníkálukú pé, "Ọjọ́ wo ni kò ní rọ̀ ọ́ lọ́rùn?" Kì í ṣe gbogbo ohun tí a béèrè ni ó ń fún wa, iye iṣẹ́ alẹ́ tí a ṣe lọ́dọ̀ rẹ̀ kò sì dín sí ti ọ̀dọ̀ ti àkọ́kọ́. Síbẹ̀, ní wọ́ọ̀dù kìíní ni àwọn ènìyàn ti ń ṣàìsàn òjijì ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé. A mọ̀ pé ẹ̀rí ẹnì kan kì í ṣe ìwádìí. Ṣùgbọ́n èrò tí kò bá lè ṣàlàyé ìyàtọ̀ àárín wọ́ọ̀dù méjèèjì yìí ṣì kù síbì kan, nítorí pé ìrora, ẹ̀jẹ̀ àti ikú kan náà ni ó wà nínú méjèèjì.

6. Odi Náà ní Ilé Ìwòsàn Tiwa

Ẹnì kan lè béèrè pé kí ni ilé ìwòsàn Lọ́ńdọ̀nù ìgbà náà fi kàn wá. Ó kàn wá gidigidi. Nígbà tí a dá ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì UCH sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1952, ìlànà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a gbé e kà. Kọ́fowórọlá Abẹ́ní Pratt, tí ó di Mátíróònù ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ ní ilé ìwòsàn náà ní àwọn ọdún 1960, St Thomas' ní Lọ́ńdọ̀nù ni òun fúnra rẹ̀ ti kọ́ṣẹ́. Ẹ̀kọ́ gidi ni ó ti ibẹ̀ wá, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ni ó sì gbà là. Ṣùgbọ́n bí a ti gba ìmọ̀ ni a gba ètò mọ́ ọn: ìpínṣẹ́ wẹ́lẹwẹ̀lẹ, ìwé ìpààrọ̀ wọ́ọ̀dù, àti ọmọdé tí kì í béèrè ìdí.

Ṣùgbọ́n odi tí a kó dé yìí bá ohun kan pàdé níhìn-ín tí kò bá pàdé nínú àkọsílẹ̀ Menzies. Ohun náà ni ẹbí aláìsàn. Ní ilé ìwòsàn tiwa, ẹbí ni ó ń sáré oògùn, òun ni ó ń gbé oúnjẹ wá, òun ni ó ń sùn sórí ẹní ní ọ̀ọ̀dẹ̀. Bí nọ́ọ̀sì bá pe ìyá ènìyàn ní bẹ́ẹ̀dì kọkànlá, ọmọ rẹ̀ yóò dá a lóhùn pé, "Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Ìyá Àlàbá ni wọ́n ń jẹ́." Ojú ni ọ̀rọ̀ wà lọ́dọ̀ wa, a kì í tọ́jú ẹni tí a kò kí. Nítorí náà, odi àìmorúkọ kì í lè dúró pẹ́. Ohun tí ó sì tẹ̀lé èyí ni pé nọ́ọ̀sì tiwa kì í gbé àìbàlẹ̀-ọkàn aláìsàn kan ṣoṣo, ti gbogbo agboolé ni ó ń gbé. Ọjọ́ tí a bá gbé e kúrò ní wọ́ọ̀dù, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò máa béèrè pé, "Nọ́ọ̀sì tí ó mọ̀ wá dà?" Àwọn kan yóò gbà pé ó sá fún wọn ni.

Menzies ní ìbẹ̀rù àti mọ ènìyàn ni ó ń gbé nọ́ọ̀sì sá. Ní tiwa, mímọ̀ náà ni ó sábà máa ń dá nọ́ọ̀sì dúró. Ìkíni, àdúrà ẹbí, orúkọ tí wọ́n fi sọ ọmọ nítorí ẹni tí ó gbẹ̀bí rẹ̀, àwọn wọ̀nyí ni owó oṣù kejì tí kò sí nínú ìwé. Ìpààrọ̀ tí kò ní ìkìlọ̀ ń já owó oṣù kejì yìí gbà lọ́wọ́ ẹni tí ti àkọ́kọ́ kò tó.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́ lásán. Ní oṣù Èrèlé 2024, àjọ tí ń ṣàkóso iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ní Nàìjíríà gbé òfin tuntun jáde pé ẹni tí ó bá fẹ́ kí àjọ náà jẹ́rìí sí ìwé ẹ̀rí òun fún ilẹ̀ òkèèrè gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ti ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì nílé. Àwọn nọ́ọ̀sì jáde láti fi ẹ̀hónú hàn ní Àbújá àti ní Èkó. Ọ̀pọ̀ ni ó sọ pé owó ni gbogbo rẹ̀. Owó wà níbẹ̀, kò sí àní-àní. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti ka Menzies yóò rántí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n fi ẹsẹ̀ ara wọn lọ. Ìpààrọ̀ ibi iṣẹ́ tí ó tóbi jù ni ti nọ́ọ̀sì tí ó kó ẹrù rẹ̀ kọjá òkun, òun nìkan sì ni nọ́ọ̀sì náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó sì ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ìlú tí a ti kọ ìwé tí à ń yẹ̀ wò yìí. Bí ẹni kọ̀ọ̀kan bá ti ń lọ, ihò tuntun a ṣí ní wọ́ọ̀dù. Àwọn tí ó kù ni a ó sì tún máa gbé kiri láti dí i. Òfin lè ti ilẹ̀kùn fún ọdún méjì. Kò lè kọ rósítà.

7. Ìgúnlẹ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé iṣẹ́ Menzies ṣì wúlò lẹ́yìn ọdún tí ó lé ní 60. Ó kọ́ wa pé ètò iṣẹ́ a máa pa ìbẹ̀rù mọ́, àti pé ìpààrọ̀ tí a pè ní ẹ̀kọ́ lè jẹ́ ọ̀nà láti má ṣe mọ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ó fi owó sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà, kò ka ti ara tí kò sùn sí, kò sì béèrè tó nípa àṣẹ. Bí a bá fi àwọn mẹ́ta yìí kún un, ìdáhùn sí ìbéèrè wa ni pé ìpààrọ̀ ibi iṣẹ́ kì í ṣe oògùn, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe májèlé. Ọ̀nà tí a gbà ṣe é ni ó ń sọ ọ́ di ọ̀kan nínú méjèèjì.

Láti inú èyí ni a ti rí ohun mẹ́ta tí kò gba owó púpọ̀. Kí nọ́ọ̀sì mọ ìgbà tí a ó gbé e àti ìdí rẹ̀ kí ọjọ́ tó pé. Kí a bi í léèrè. Kí a sì jẹ́ kí ó fa aláìsàn rẹ̀ lé ẹni tí ń bọ̀ lọ́wọ́ ní orúkọ. Àwọn méjì àkọ́kọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun: àdéhùn 149 tí Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé ṣe lórí àwọn nọ́ọ̀sì ní 1977 ti sọ pé kí a máa bá wọn jíròrò lórí ìpinnu tí ó kàn wọ́n, ìmọ̀ràn tí ó bá àdéhùn náà rìn sì ní kí wọ́n máa tètè mọ àkókò iṣẹ́ wọn kí wọ́n lè ṣètò ilé wọn. Ẹ̀kẹta ni a kò rí níbẹ̀, òun sì ni ó kù jù lọ́kàn wa.

A mọ̀ pé ẹnì kan nínú ẹ̀yin olùkọ́ wa lè sọ pé kí ni fífa orúkọ léni lọ́wọ́ lè ṣe ní wọ́ọ̀dù tí nọ́ọ̀sì méjì ń tọ́jú ogójì ènìyàn. Òótọ́ ni pé kò ní sọ méjì di mẹ́rin. Ṣùgbọ́n ká ní ẹnì kan ti gba orúkọ Ìyá Àlàbá lọ́wọ́ wa ní ọjọ́ Jímọ̀ náà, a ì bá rí ẹni bi léèrè nígbà tí a padà dé. Nọ́ọ̀sì tí a bá níbẹ̀ náà ì bá mọ ẹni tí à ń wá.